Apá Kì í Ṣe Irin: Bí Ẹgbẹ́ Béésìbọ́ọ̀lù Ṣe Yẹ Kó Máa To Àwọn Ajubọ́ọ̀lù Rẹ̀

Ẹni tó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí mọ̀ pé àtẹ̀gùn orí àpáta náà lé ní 600, ó sì mọ̀ pé àwọn tó ṣe é kò retí pé kí ẹnikẹ́ni gùn ún láìdúró mí. Ibi ìsinmi márùn-ún ni wọ́n ṣe sí ojú ọ̀nà. Ọ̀dọ́ Aládé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le lè fojú di àwọn ibi ìsinmi wọ̀nyí nígbà tó bá ń gòkè lọ, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ni yóò ròyìn fún un bó bá di alẹ́. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ gan-an ló wà nídìí eré kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà, Jàpáàn àti Kúbà fẹ́ràn púpọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní béésìbọ́ọ̀lù. Nínú eré náà, ẹnì kan wà tó jẹ́ pé apá rẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ gbójú lé. Ìbéèrè tí kì í jẹ́ kí àwọn akọ́nimọ̀ọ́ngbá sùn ni pé: lẹ́yìn tí ọkùnrin yìí bá ti ju bọ́ọ̀lù lónìí, ọjọ́ mélòó ló gbọ́dọ̀ fi sinmi kó tó tún gba bọ́ọ̀lù sọ́wọ́?

Eré yìí kò tíì gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Ìdànrè, àmọ́ kì í ṣe àjèjì pátápátá sí Nàìjíríà. Ó wà lára àwọn eré tí wọ́n fi díje níbi Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà tó wáyé ní Àbújá ní ọdún 2003. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ Milwaukee Brewers ní Amẹ́ríkà yan Demi Orimoloye, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bí sí Nàìjíríà tó sì dàgbà sí Kánádà. Ní ọdún 2017 ni Gift Ngoepe, ọmọ South Africa, di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Áfíríkà tí yóò gbá eré nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹgbẹ́ méjì ló ń pàdé, ènìyàn mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ajubọ́ọ̀lù yóò dúró sórí òkìtì kékeré kan láàárín pápá, yóò ju bọ́ọ̀lù líle kan tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó gíráàmù 150 sí ọ̀nà tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ìnṣì 6. Alátakò kan tó mú igi dání, ẹni tí àlàyé yìí yóò máa pè ní onígi, yóò gbìyànjú láti lu bọ́ọ̀lù náà lọ jìnnà. Bí onígi mẹ́ta bá ti kùnà, àwọn ẹgbẹ́ náà yóò pààrọ̀ ipò. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ti lo àǹfààní tiwọn, ìpele kan parí. Ìpele mẹ́sàn-án ló wà nínú odidi eré. Ẹni tó ju bọ́ọ̀lù láti ìpele kìíní ni ajubọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó sì ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́ ni arọ́pò.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbá a bíi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, kò sí wàhálà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù jùlọ ni ì bá máa jù ú ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n eré 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá nínú líìgì ńlá Amẹ́ríkà láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Èyí túmọ̀ sí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Apá ènìyàn kan ṣoṣo kò lè gbà á. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń to àwọn ajubọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí iṣẹ́ sì ń yípo láàárín wọn.

Àgbẹ̀ kòkó tó bá gbọ́ èyí lè rò pé àáró ni. Ó jọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe òun. Nínú àáró, oko ẹnì kan ni gbogbo ẹgbẹ́ yóò ṣe lónìí, ti ẹlòmíràn ló kàn lọ́la, kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Ìdọ́gba ni àáró ń wá. Àyípo àwọn ajubọ́ọ̀lù kò wá ìdọ́gba rárá. Akọ́nimọ̀ọ́ngbá ì bá fẹ́ kí ọ̀gá àwọn ajubọ́ọ̀lù rẹ̀ máa jù ú lójoojúmọ́, ìgúnpá ọkùnrin náà ni kò gbà fún un.

Bí ènìyàn bá ju nǹkan láti òkè èjìká pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ipá tó ti ẹsẹ̀ àti ìdí wá yóò gba èjìká kọjá sínú ìgúnpá. Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ inú ìgúnpá yìí, òun ló so egungun apá òkè mọ́ egungun apá ìsàlẹ̀. Ọmọ tó ń sọ òkò lu máńgòrò kò lè mọ̀ pé ó wà, nítorí òkò mẹ́wàá tàbí ogún kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ajubọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀ lè ju bọ́ọ̀lù ní ìgbà 90 tàbí 100 nínú eré kan, kí èyí tó yá jù nínú wọn sì máa lọ ní ìwọ̀n tó lé ní kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Iṣan náà yóò fà, yóò ya díẹ̀díẹ̀ ní àwọn ibi tí ojú kò lè rí. Ìsinmi ló ń jẹ́ kó san. Bí wọ́n bá tún fà á kó tó san, yóò máa ya sí i ni, títí ọjọ́ kan tí yóò fi já.

Títí di ọdún 1974, ajubọ́ọ̀lù tí iṣan yìí bá já lápá rẹ̀ ti parí iṣẹ́ nìyẹn. Ní ọdún náà ni ti Tommy John, ajubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì ti ẹgbẹ́ Los Angeles Dodgers, já. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, dókítà kan tó ń jẹ́ Frank Jobe yọ iṣan kan láti ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì fi so ìgúnpá òsì. Ọkùnrin náà padà sórí pápá ní ọdún 1976, ó sì ń jù ú títí di 1989; eré 164 ló jẹ nínú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yẹn. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ abẹ náà di òní. Àṣeyọrí rẹ̀ wá sọ àwọn mìíràn di aláìbìkítà, wọ́n ń rò pé ohun tó bá bàjẹ́ ni dókítà yóò tún ṣe. Wọn kì í rántí pé ó máa ń tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún tó padà sẹ́nu iṣẹ́, àti pé gbogbo ẹni tó bá ṣe é kọ́ ló ń padà bọ̀ sípò.

Ní ìgbà àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń ka ọjọ́ ìsinmi. Ní ọdún 1884, Charles Radbourn ti ẹgbẹ́ Providence Grays bẹ̀rẹ̀ eré 73, ó sì fúnra rẹ̀ parí gbogbo 73 náà láìsí pé ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lo gbogbo agbára nígbà náà bíi ti òde òní, òkìtì ajubọ́ọ̀lù sì sún mọ́ onígi ju ti ìsinsìnyí lọ, àmọ́ kò sí apá tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò rọ̀ lọ́rùn.

Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1950 àti 1960, ajubọ́ọ̀lù mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń ṣe àyípo. Ẹni tó bá ń ná ọjà ọrọọrún kò nílò àlàyé lórí èyí. Ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ ọjà, ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni yóò tún jù ú, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló sì wà láàárín. Ètò yìí mú èso jáde fún àwọn kan. Ní ọdún 1971, àwọn ajubọ́ọ̀lù mẹ́rin ti ẹgbẹ́ Baltimore Orioles, Dave McNally, Mike Cuellar, Pat Dobson àti Jim Palmer, jẹ eré 20 ó kéré tán lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó fẹ́ràn ayé àtijọ́ kò yéé tọ́ka sí wọn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n tọ́ka sí Sandy Koufax pẹ̀lú. Kò sí ajubọ́ọ̀lù tó dáńtọ́ jù ú lọ ní Amẹ́ríkà ní àárín ọdún 1963 sí 1966. Ní ọdún tó gbẹ̀yìn yẹn, ìpele 323 ló jù, eré 27 ló jẹ, ó sì fi eré sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ nítorí ìrora ìgúnpá. Ọmọ 30 ọdún ni.

Ẹgbẹ́ New York Mets wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹnì karùn-ún kún un ní ìparí àwọn ọdún 1960, kí wọ́n lè dáàbò bo àwọn ọ̀dọ́ ajubọ́ọ̀lù wọn, tí Tom Seaver wà lára wọn. Wọ́n gba ife World Series ní 1969. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn, nígbà tó sì fi di àwọn ọdún 1980, ó ti di àṣà gbogbo ẹgbẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìsinmi wá di. (Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní ọjọ́ karùn-ún, ní ìṣirò Yorùbá, tó máa ń ka òní mọ́ ọn, ìjọ́ kẹfà ni.) Ní Jàpáàn, mẹ́fà ni wọ́n ń lò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sì ni ajubọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Bí ènìyàn bá pín eré 162 sí mẹ́rin, ajubọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan yóò bẹ̀rẹ̀ eré bíi 40. Sí márùn-ún, bíi 32. Sí mẹ́fà, 27 péré. Ibẹ̀ ni ìjà wà. Ẹnì karùn-ún kì í dára tó ẹni kìíní, ẹnì kẹfà kò sì dára tó ẹnì karùn-ún. Gbogbo eré tí wọ́n bá gbé fún ẹni ìsàlẹ̀, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹni òkè ni. Yàtọ̀ sí èyí, líìgì ńlá kò gbà kí ẹgbẹ́ kan ní ju ajubọ́ọ̀lù 13 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹgbẹ́ tó bá ní márùn-ún nínú àyípo ní arọ́pò mẹ́jọ. Èyí tó bá ní mẹ́fà, arọ́pò méje ló kù fún un. Apá arọ́pò náà kì í ṣe irin.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti yí ètò náà padà. Ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ Colorado Rockies padà sí ajubọ́ọ̀lù mẹ́rin, pẹ̀lú òfin pé kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ju bọ́ọ̀lù lọ ju ìgbà 75 lọ. Eré 98 ni wọ́n pàdánù lọ́dún náà. Kì í ṣe ètò náà nìkan ló fà á, nítorí àwọn ajubọ́ọ̀lù wọn kò lágbára, àmọ́ àwọn arọ́pò wọn ló ru ẹrù tó kù. Tampa Bay Rays gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 2018: ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún, wọ́n ní kí Sergio Romo, tó jẹ́ arọ́pò, ṣí eré fún ìpele kìíní nìkan, kó lè dojú kọ àwọn onígi tó léwu jù, kó tó gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tí yóò jù ú pẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn bú wọn, àmọ́ eré 90 ni wọ́n jẹ lọ́dún náà, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì ti ń fara wé wọn láti ìgbà náà. Ọgbọ́n ẹni tí kò ní ajubọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ márùn-ún tó dáńgájíá ni.

Fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, márùn-ún ló ṣì yẹ kó jẹ́ ìpìlẹ̀, kí wọ́n sì pe ẹnì kẹfà nígbà tí eré bá ṣù jọ láìsí ọjọ́ ìsinmi láàárín. Ìgbà tí ọjọ́ ìsinmi bá bọ́ sáàárín ni ọgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́ngbá ń hàn. Bí ẹni kìíní bá jù ú ní Ọjọ́ Ajé, tí ẹnì kẹrin jù ú ní Ọjọ́bọ̀, tí kò sì sí eré ní Ọjọ́ Ẹtì, ẹni kìíní ti ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin tó pé nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta bá mọ́. Wọ́n lè fo ẹnì karùn-ún láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ẹgbẹ́ tó ń lépa ife yóò fò ó. Ẹgbẹ́ tó mọ̀ pé ọ̀nà ṣì jìn yóò fi ìyẹn bùn ọ̀gá rẹ̀ ní ọjọ́ kan sí i.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ló ń ṣí ọdún. Lẹ́yìn rẹ̀, ohun tó dára ni kí wọ́n má to àwọn tó jọra tẹ̀ lé ara wọn, nítorí eré mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ẹgbẹ́ méjì kan náà máa ń bá ara wọn gbá léraléra. Onígi tó lo Ọjọ́ Ajé níwájú ọlọ́wọ́ ọ̀tún tó ń ju bọ́ọ̀lù bí ìbọn, ojú rẹ̀ yóò dàrú bó bá bá ọlọ́wọ́ òsì tó ń jù ú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pàdé ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bákan náà ló rí nínú eré kan ṣoṣo: onígi tó bá dojú kọ ajubọ́ọ̀lù kan náà lẹ́ẹ̀kẹta lọ́jọ́ kan ti mọ ọwọ́ rẹ̀. Ìdí kejì nìyí, yàtọ̀ sí ti àárẹ̀, tí wọ́n fi ń tètè yọ àwọn ajubọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ìsinmi ti pọ̀ sí i, iye ìjù ti dín kù, síbẹ̀ iṣẹ́ abẹ ìgúnpá ń pọ̀ sí i ni. Ìròyìn tí líìgì ńlá náà gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2024 di ẹ̀bi náà ru eré sísá lé bọ́ọ̀lù tó yára jù, àti àṣà kí ajubọ́ọ̀lù máa lo gbogbo agbára rẹ̀ lórí ìjù kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kò lè tún ohun tí wọ́n bàjẹ́ nínú wákàtí méjì ṣe bí wọ́n bá bà á jẹ́ kọjá ààlà. Ajubọ́ọ̀lù tó mọ bí a ṣe ń tọ́jú agbára pa mọ́ fún onígi tó léwu yóò pẹ́ lórí pápá ju ẹni tó ń sáré kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún un.

Ohun tó burú jù kò sí lọ́dọ̀ àwọn àgbà tó ń gbowó. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ló wà. Ní ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ti Jàpáàn ní ìgbà ìrúwé ọdún 2013, ọmọ ọdún 16 kan ju bọ́ọ̀lù ní ìgbà 772 nínú eré márùn-ún. Àwọn kan pè é ní akọni. Àwọn dókítà fi ọwọ́ lérán. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti ṣòfin níbẹ̀ pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá ìjù 500 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó ṣì pọ̀ jù. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tó jáde ní ọdún 2006 rí i pé ọ̀dọ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù léraléra nígbà tí apá rẹ̀ ti rẹ̀ sún mọ́ iṣẹ́ abẹ ní ìlọ́po 36 ju ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n lè bi ènìyàn pé, Yoshinobu Yamamoto ńkọ́? Ní ọdún 2025, ọmọ Jàpáàn yìí ju ìpele mẹ́fà fún Los Angeles Dodgers ní eré kẹfà World Series, ó sì tún padà wá ní ọjọ́ kejì láti parí eré keje tí wọ́n fi gba ife lọ́wọ́ Toronto Blue Jays. Òótọ́ ni. Àgbàlagbà ọmọ ọdún 27 ni, ọjọ́ márùn-ún ló fi sinmi ṣáájú eré kẹfà náà, ọjọ́ ìkẹyìn ọdún sì ni. Oṣù gbọọrọ ló wà níwájú rẹ̀ láti fi tọ́jú apá náà. Ẹni tó bá fi èyí ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ ọdún 15 ní oṣù Kẹta kò rí ìdí ọ̀rọ̀.

Ìlànà tí líìgì ńlá àti ẹgbẹ́ USA Baseball gbé kalẹ̀ ní ọdún 2014 ni ó rọrùn jù láti tẹ̀ lé. Ọmọ ọdún 9 sí 10 kò gbọ́dọ̀ kọjá ìjù 75 lójúmọ́. Ọdún 11 sí 12, ìjù 85. Ọdún 13 sí 16, ìjù 95. Ọdún 17 sí 18, ìjù 105. Ti ìsinmi tún wà lọ́tọ̀: fún ọmọ ọdún 15 sí 16, ìjù 31 sí 45 ń béèrè ìsinmi ọjọ́ kan, 46 sí 60, ọjọ́ méjì, 61 sí 75, ọjọ́ mẹ́ta, ohun tó bá ti tó 76, ọjọ́ mẹ́rin.

Ká ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Aládé kó ọmọ mẹ́rin ọlọ́dún 15 sí 16 jọ tí wọ́n lè ju bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì ń lọ díje ní Àkúrẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, eré kan lójúmọ́, ìpele méje fún eré kan. Akọ́nimọ̀ọ́ngbá tó bá fi èyí tó dára jù ju ìjù 80 ní ọjọ́ kìíní ti pàdánù rẹ̀: ọjọ́ kẹfà ni ìsinmi rẹ̀ tó pé, nígbà tí oníkálukú ti wà nílé. Níbí ni yóò ti fẹ́ rú òfin. Bó bá jẹ́ pé ọmọ méjì ló pín eré ọjọ́ kìíní, ìjù 45 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọn méjì yòókù yóò gba ọjọ́ kejì; àwọn méjì àkọ́kọ́ yóò padà ní ọjọ́ kẹta, àwọn kejì ní ọjọ́ kẹrin, àwọn àkọ́kọ́ yóò sì kádìí rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún. Kò sí ọmọ tí kò ní ọjọ́ ìsinmi kan tó pé, àwọn méjì tó dára jù ni yóò sì wà lórí òkìtì ní ọjọ́ àṣekágbá.

Ẹlòmíràn, yàtọ̀ sí akọ́nimọ̀ọ́ngbá, ni kó mú ìwé àti bírò dání láti máa ka ìjù, nítorí ẹni tó ń wá ìjáwé olúborí kì í kà á pé. Bí iye náà bá ti pé, kí wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ náà, bí eré tilẹ̀ le koko. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ ní kó lọ lóṣòó sẹ́yìn onígi láti máa mú bọ́ọ̀lù, nítorí ẹni tó bá wà níbẹ̀ ń jù ú padà fún ajubọ́ọ̀lù ní gbogbo ìgbà tó bá mú un. Béèsì kìíní ni kí wọ́n fi í sí títí eré yóò fi parí, nítorí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun jíjù níbẹ̀.